Fírísà Tí Bàbá Urho Jẹ

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Urho Kettunen, ilé wọn ló sì kángun sí adágún ní òpópónà wa ní Port Hanley. Abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá wọn ti wa kùsà títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, igi nìkan ló sì kù fún àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ ni Bàbá Urho ti ń wa agbégilódò. Wọ́n ga, wọ́n ń pariwo sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti bà wọ́n létí jẹ́, ẹ̀rín wọn sì máa ń dé iwájú ilé kí àwọn fúnra wọn tó dé.

Tíkẹ́ẹ̀tì oríire kan, irú èyí tí ẹni tí wọ́n bá fa orúkọ rẹ̀ jáde máa ń fi jẹ ẹ̀bùn, kò lè kọjá lójú wọn kí wọ́n má rà á. Ti panápaná ni o, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí yìnyín ni o, wọ́n á rà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ nǹkan rí, itan ẹlẹ́dẹ̀ ni, ajá Bàbá Reino tó wà lódìkejì òpópónà sì ti gbé e sá lọ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Màmá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀dá Urho, ẹ tún ti lọ ra pépà lásán!"

"Ìyàwó, ọjọ́ tí mo bá jẹ mọ́tò, má wulẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n gbé ọ. Ẹsẹ̀ lo máa fi rìn."

Ohun kejì tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n sí ni sáúnà wọn, ilé kékeré tí a ti ń jókòó làágùn nínú ooru. Àwọn àti bàbá mi ni wọ́n fi igi kédárì kọ́ ọ sétí adágún. Ìta ni ẹnu ààrò rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni a ti ń ti igi sínú iná, àwọn tó wà nínú á sì máa bu omi sórí òkúta gbígbóná kí ooru lè bò wọ́n. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dáná rẹ̀, àwọn aládùúgbò á kó táwẹ́ẹ̀lì wọn wá. Àwọn obìnrin ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ọkùnrin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá tilẹ̀ ń bá ènìyàn jà, o kò gbọ́dọ̀ ti sáúnà mọ́ ọn. Ẹ̀yin méjèèjì á jókòó lórí pákó kan náà títí ìbínú á fi bá òógùn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, Bàbá Urho kò dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Saimi. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, Saimi bí ọmọkùnrin kan, ó sọ ọ́ ní Oskar. Kíláàsì tó gbẹ̀yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ̀ nígbà náà. Bàbá ọmọ náà ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, a kì í sì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Oṣù Oskar kò pé kí wọ́n tó bí i. Ìfun rẹ̀ kò gba wàrà inú agolo, èyí tó bá mu, ẹ̀jẹ̀ ni yóò bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Dókítà sọ fún Saimi pé omi ọyàn rẹ̀ ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa mu títí ìfun rẹ̀ yóò fi lágbára, àti pé bí kò bá ń fún ọyàn náà déédéé, yóò gbẹ.

Saimi sì fẹ́ parí ìwé rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ti fún un láyè, bí ó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí nìkan. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ìwé wọlé, màmá mi ń tọ́jú Oskar ní ọ̀sán, Saimi sì ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fún omi ọyàn lọ sí ilé-ìwé. Èmi ni mo ń bá a gbé báàgì yìnyín tí ìgò omi ọyàn náà ń wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ìyáàfin Gaudette, fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ibi ìkàwé. Yàrá náà ní kọ́kọ́rọ́, àga, àti ibi tí a lè ki wáyà iná bọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe ìlànà tuntun lábẹ́ òfin tó ní kí ilé-ìwé ìjọba má ṣe torí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin rẹ́ ẹ jẹ. Ó wà nínú ìlànà náà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fún ọmọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ ní yàrá tó mọ́, tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Saimi ń wọ ibẹ̀, tí yóò sì jáde pẹ̀lú ìgò tó kún.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà nígbà náà ni ibi tí a óò kó omi ọyàn náà sí. Ẹran àgbọ̀nrín ti kún fírísà kékeré Bàbá Urho dẹ́nu. Wọ́n ń kó ẹran jáde, wọ́n ń fún àwọn aládùúgbò kí àyè lè wà fún ọmọ-ọmọ wọn, síbẹ̀ àyè kò tó.

"Fírísà ńlá ni mò ń wá," ni wọ́n ń sọ kiri. "Èyí tí màlúù lè sùn nínú rẹ̀."

Nínú oṣù Kẹsàn-án, rédíò sọ pé wọ́n ti pe ìlànà tuntun náà lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà kò kan Saimi rárá. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni apá kan tó sọ nípa àwọn ọmọ tó ní àwọn kì í ṣe akọ tàbí abo tí wọ́n bí àwọn sí, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa lò, àti irú orúkọ tó yẹ kí a máa pè wọ́n. Ṣùgbọ́n adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà sí tiwa kò ya apá kan sọ́tọ̀. Odindi ìlànà náà ló dá dúró. Kò sì dá a dúró ní ibi gbogbo. Ó ní ilé-ìwé tí ọmọ àwọn tó pẹjọ́ bá wà nìkan ni, ẹgbẹ́ àwọn òbí kan sì wà lára àwọn tó pẹjọ́. Bí òbí kan ṣoṣo bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà, ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ àṣẹ adájọ́ nìyẹn.

Ní agbègbè wa, ilé-ìwé Rusk ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀. Kò pẹ́ sí i, a gbọ́ ti Bell Harbor. Ó dà bí ìgbà tí adágún bá fẹ́ dì, tí yìnyín á bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, tí yóò máa bọ̀ wá sí àárín díẹ̀díẹ̀, tí ìwọ yóò sì máa sọ fún ara rẹ pé àárín ṣì ṣí sílẹ̀.

"Tiwa ò lè débẹ̀," Bàbá Urho sọ lórí kọfí. "Ta ni nínú gbogbo wa níbí tó máa ń dara pọ̀ mọ́ nǹkan? Ẹgbẹ́ akọrin gan-an, a ò rí ènìyàn."

Àwọn ọdẹ ní oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n máa ń jẹ pọ̀ nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ọjọ́ tí ìjọba ń ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín. Gbogbo wa lọ. Páì ẹran wà níbẹ̀, kọfí wà, àwọn ènìyàn sì to tábìlì yí ògiri ká, wọ́n ń ta ọ̀bẹ àti ìbọ̀sẹ̀ onírun. Lórí tábìlì kan, wọ́n lẹ àwòrán fírísà funfun kan mọ́ ògiri. Ó gùn, ó sì jìn. Corinne Haglund, ẹni tó ń ṣe irun ní ìlú wa, ló jókòó síbẹ̀.

Bàbá Urho dúró gbagidi. "Corinne! Èló ni tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Kì í ṣe títà, Bọ̀dá Urho. Ẹni tó bá ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ yín sórí káàdì yìí, ẹ jù ú sínú ike."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ṣé o ò ṣàìsàn?"

Corinne rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ àwọn òbí ni. A ń gbèjà àwọn ọmọbìnrin wa ní ilé-ìwé."

"Ọmọbìnrin ni mo bí. Ẹni tó bá ń gbèjà ọmọbìnrin, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n mú bírò. "Kí ni kí n kọ?"

"Orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ kọ orúkọ Saimi náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé-ìwé rẹ̀."

"Ṣé Saimi náà lè jẹ fírísà ni?"

"Ẹ sáà kọ ọ́, ẹ̀yin náà!"

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fẹnu ko káàdì náà kí wọ́n tó jù ú sínú ike, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe sí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì wọn, gbogbo àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín. Saimi gbé Oskar dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Urho na ìka sí àwòrán ara ògiri, wọ́n sọ fún ọmọ náà pé, "Wo ilé oúnjẹ rẹ, ọ̀gá. Bàbá rẹ àgbà ti ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ fún ọ."

Ọ̀sẹ̀ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ ni Ìyáàfin Gaudette ránṣẹ́ pe Bàbá Urho àti Saimi. Èmi gbé báàgì dání lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn kò sì pa dé.

"Ọ̀gbẹ́ni Kettunen, kì í ṣe èmi o. Ìlànà tí mo fi fún Saimi ní yàrá ò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́."

"Ó wà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ó wà. Ó ṣì wà ní ilé-ìwé Nolan níbi afárá. Ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ti dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ẹnì kan tó ní ọmọ níbí ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yẹn."

"Ta ni?"

"Wọn kì í sọ. Ilé-ìwé nìkan ni wọ́n ń dárúkọ."

Bàbá Urho gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ṣé adájọ́ yẹn ní kí ẹ gba yàrá lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Rárá. Kò ní kí a gbà á. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú wa fún un mọ́." Ìyáàfin Gaudette kò wo ojú wọn. "Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ti ń wá ibi tí wọ́n á kó tìmùtìmù àwọn oníjàkadì sí. Lọ́yà wọn ní ohun tí òfin ò bá ti fi dandan lé, kí a má ṣe é, kí ẹlòmíràn má baà wá béèrè tirẹ̀. Wọ́n ti dìbò."

Saimi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Níbo ni kí n ti máa fún un, mà?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, Saimi. Ní àkókò ìsinmi."

Nígbà tí a jáde, Bàbá Urho kò wọ ọkọ̀ lọ́gán. Wọ́n dúró nínú yìnyín, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹnì kan nínú ìlú yìí," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan tó mọ̀ wá."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá a. Ní ilé ìtajà, ní ibi tí wọ́n ti ń ra epo ọkọ̀, wọ́n ń bi gbogbo òbí léèrè lójúkojú. Ẹ̀rín wọn kò ṣáájú wọn wọlé mọ́. Nígbà tí Sátidé dé, àwọn aládùúgbò wá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n bá Bàbá Urho lórí àtẹ̀gùn sáúnà. Kò sí èéfín lórí òrùlé.

"Mi ò dáná," wọ́n wí. "Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀. Títí tí n ó fi mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa wọ ibí. Ọjọ́ tí mo bá sì mọ̀ ọ́n, màá dá iná padà fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n òun ò ní wọ ibẹ̀ mọ́ títí ayé mi. Mo búra."

Bàbá Reino bú sẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé eré ni. "Urho, ènìyàn kì í ti sáúnà mọ́ ènìyàn."

"Ènìyàn kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọwọ́ náà. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi tí àbígbẹ̀yìn mi ti ní irun funfun? Ọmọ wo ni mo ní nílé-ìwé?"

"O ní ọmọ-ọmọ."

Bàbá Reino ká táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì lọ sílé. Bàbá mi sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe yìí kò dára, wọ́n kàn wọlé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ènìyàn òpópónà wa bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lọ́nà mìíràn. Màmá mi ní ìyá kan kò kí òun mọ́ ní ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, bóyá ìyá náà ló ṣe é, bóyá ó sì rò pé màmá mi ló ń fura sí i. Sáúnà náà wà létí adágún láìní èéfín, yìnyín sì ga dé ojú fèrèsé rẹ̀.

Saimi gbìyànjú. Ó ń jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí itan rẹ̀, èmi á sì dúró níwájú ilẹ̀kùn. Kò síbi tó lè ki wáyà bọ̀ níbẹ̀, ó ní láti máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọmọbìnrin kan á kan ilẹ̀kùn. "Ta ló ń fún màlúù níbẹ̀ yẹn? Ṣe kíá, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!"

Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Saimi ló máa ń dá wọn lóhùn láti inú: "Ẹ mú ife wá, ẹ̀yin ebi-ń-pa!" Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti lù, á tún bọ́tìnnì rẹ̀ dè, á sì jáde pẹ̀lú ìgò tí kò kún dé ìdajì. Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ ìgò nìkan ló ń rin. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣí igbó fún ọdẹ, a ń gbé báàgì náà padà sílé fúyẹ́ fúyẹ́. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí po wàrà agolo díẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé Oskar ń sunkún ebi, ẹ̀jẹ̀ sì tún jáde. Ẹsẹ̀ ọmọ náà tínrín bí ìka mi.

Saimi kó ìwé rẹ̀ wálé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kò sọ pé òun fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó kàn kó gbogbo rẹ̀, títí kan bàtà eré ìdárayá, ó tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ó ní bí òun bá jókòó sílé, bóyá omi ọyàn yóò padà wá. Ó ń gbé Oskar sọ́yàn láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ohun tó padà wá.

"Màá rí ẹni náà," Bàbá Urho ń sọ fún un. "Saimi, màá rí i."

"Dádì, bí ẹ bá rí i, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ṣé ó máa fún Oskar lọ́yàn ni?"

Ọjọ́rú kan ni ọkọ̀ Corinne Haglund wọ inú àgbàlá wọn. Èmi àti màmá mi wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú Saimi, a gbé búrẹ́dì wá. Ọkọ Corinne ń ti nǹkan gígùn kan sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Inú páálí ló wà, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn.

Corinne ti bẹ̀rẹ̀ sí kígbe kó tó dé ẹnu ọ̀nà. "Bọ̀dá Urho! Ẹ jáde wá wo ohun tí ẹ jẹ!"

Bàbá Urho jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìnyín àkọ́kọ́, mo rí ẹ̀rín lójú wọn. "Irọ́ ni!"

"Káàdì yín ni wọ́n fà jáde!"

"Saimi! Ìyàwó! Ẹ wá o, ajá Reino ò lè gbé èyí!" Wọ́n gbá páálí náà mọ́ra. Wọ́n ń fò sókè bí ọmọdé.

Corinne pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn fún wọn ni. "Ó tọ́ sí yín ju ẹnikẹ́ni lọ," ó wí. "Ilé-ìwé yìí ló kù fún wa ní gbogbo etí adágún. Èmi ò lọ́mọ níbẹ̀ mọ́, mi ò rí òbí kankan tó fẹ́ dara pọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni. Bí kì í bá ṣe káàdì tí ẹ kọ, a kì bá tí rí orúkọ Port Hanley gbé lọ sọ́dọ̀ adájọ́."

Ọwọ́ Bàbá Urho ṣì wà lára páálí náà.

"Káàdì oríire," wọ́n wí.

"Káàdì ẹgbẹ́ ni, Bọ̀dá Urho. Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi." Wọ́n wo Saimi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún wo Corinne. "Yọ orúkọ mi. Lónìí. Yọ ọ́."

Corinne wá rí ojú gbogbo wa, ẹ̀rín rẹ̀ sì lọ. "Mo lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ti dìbò pé àwọn kò tẹ̀ lé ìlànà náà mọ́, Bọ̀dá. Kí ni mo ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kó máa tì í lọ tàbí kó dá a padà. Saimi ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Dádì, ibo ni kí wọ́n gbé e sí?"

Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, a gbọ́ lórí rédíò pé adájọ́ mìíràn ti wọ́gi lé ìlànà náà pátá, ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé-ìwé Nolan níbi afárá pẹ̀lú ti di bákan náà. Àwọn kan ní òpópónà wa rò pé ìròyìn yìí yóò mú ara tu Bàbá Urho, pé bí wọn kò bá tilẹ̀ kọ káàdì, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbá já sí. Bàbá mi lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Oṣù Kọkànlá ni ọmọ náà nílò rẹ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n fi dá bàbá mi lóhùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èéfín jáde lórí sáúnà. Àwọn aládùúgbò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n sì wọlé. Bàbá Urho wà níta, wọ́n jókòó lórí igi ìdáná pẹ̀lú kóòtù ńlá wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ààrò. Yìnyín ń bọ́ sórí fìlà wọn, wọn kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Bàbá Reino yọ orí jáde pẹ̀lú ojú pupa. "Urho, wọlé. Òtútù máa pa ọ́."

"Mo ti búra."

"O ò mọ̀ pé ìwọ ni nígbà tó o búra."

"Mi ò búra pé àfi bí ẹni náà bá mọ ohun tó ń ṣe."

Bàbá Reino ti ilẹ̀kùn.

Saimi gba ẹ̀yìn ilé wá, ó pọn Oskar, ó fi aṣọ onírun bò ó. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún, tàbí kó bá bàbá rẹ̀ jà, nítorí pé kò tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bàbá Urho sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Iná ń kú, Dádì," ó wí. "Àwọn tó wà nínú ilé máa bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n."

Wọ́n dìde, wọ́n ti igi méjì sínú ààrò. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń gbọ́ fírísà tó ń kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo bá Saimi tò ó: àpò omi ọyàn kékeré mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ Ajé ni a óò gbé Oskar padà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ti ní kí a di aṣọ tó máa tó ọjọ́ púpọ̀ dání.